Orin kan, àwo méjì: ohun tí wọ́n gé kúrò nínú àwọn orin soul àtijọ́

Tó bá jẹ́ orí rédíò lẹ ti ń gbọ́ orin Sam Cooke tó ń jẹ́ "A Change Is Gonna Come", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò tíì gbọ́ ọ tán. Kì í ṣe ẹ̀bi yín o. Ọ̀nà méjì ni orin yẹn gbà jáde, ẹsẹ kan sì wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì. Ẹsẹ tí wọ́n yọ ọ̀hún gan-an ló sún mọ́ ohun tó mú kí ọkùnrin náà kọ orin yẹn jù lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, Sam Cooke, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ rìn dé òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Shreveport, ní ìpínlẹ̀ Louisiana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n ti bá wọn gba yàrá sílẹ̀. Ìgbà tí àwọn tó wà nídìí tábìlì rí i pé èèyàn dúdú ni wọ́n, ọ̀rọ̀ yí padà, wọ́n ní kò sáyè. Cooke fárígá, àwọn ọlọ́pàá sì gbé e. Ní oṣù kìíní ọdún 1964 ló wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó kọ orin náà, òun sì ni wọ́n fi sínú àwo ńlá "Ain't That Good News" tó jáde lọ́dún yẹn. Nínú àwo ńlá yìí, ẹsẹ kan sọ nípa ẹni tó fẹ́ lọ wo sinimá, tó fẹ́ rìn gba ìgboro kọjá, tí ẹnì kan sì ń sọ fún un ṣáá pé kó má dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lásìkò yẹn tí kò mọ ohun tó ń sọ.

Nígbà tí ọdún 1964 ń parí lọ, ilé iṣẹ́ RCA fẹ́ gbé orin náà jáde lórí àwo kékeré, lẹ́yìn orin míì tó ń jẹ́ "Shake". Wọ́n yọ ẹsẹ sinimá àti ìgboro yẹn kúrò kí orin náà lè kúrú fún rédíò. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Disẹ́ńbà ni wọ́n yìnbọn pa Cooke ní Los Angeles, inú oṣù kan náà ni àwo kékeré ọ̀hún jáde. Nítorí náà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi dárò rẹ̀, èyí tí wọ́n ti yọ ẹsẹ yẹn ni. Ohun tó ṣẹ́ kù dùn, ó wọni lára, àmọ́ ó ti fẹ́ jọ àdúrà tí ẹnikẹ́ni lè gbà nígbà ìṣòro. Ibi tó ti nàka sí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ èèyàn dúdú níta gbangba ló lọ yẹn.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ wa rò pé tí wọ́n bá gé orin kúrú, ìlù àti fèrè nìkan ló ń lọ. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ gan-an ló ń lọ.

Kí ló wá fà á tí orin kan fi ń di méjì? Àwo ni ẹ máa kọ́kọ́ bi. Lọ́dún 1948 ni Columbia gbé àwo ńlá tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan jáde, èyí táwa ń pè ní LP. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, RCA gbé àwo kékeré tiwọn jáde, èyí tó ń yí ní 45, tó ní ihò ńlá láàárín. Ojú àwo ńlá kan lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àwo kékeré ò láyè tó bẹ́ẹ̀: bí orin bá ṣe gùn sí lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ á ṣe há sí, ohùn á sì máa lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwo tí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ju owó ẹyọ sí nílé ọtí kò ní gbé e yọ láàárín ariwo. Rédíò náà ní tiẹ̀. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fẹ́, kí ìpolówó lè ráyè wọlé. Àwo kékeré ló sì ń polówó àwo ńlá, torí náà òun ni wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún rédíò.

James Brown ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò nídìí ọ̀rọ̀ gígé, torí tiẹ̀ ju gígé lọ. "Papa's Got a Brand New Bag", èyí tó gbà sílẹ̀ ní Charlotte, North Carolina, ní oṣù kejì ọdún 1965, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 7. Wọ́n gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dànù, wọ́n pín ìyókù sí Part 1 àti Part 2, ọ̀kan níwájú àwo, èkejì lẹ́yìn. Wọ́n wá mú kí téèpù máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ! Ìdí nìyẹn tí ohùn ọkùnrin náà fi ga díẹ̀ tí orin náà fi ń jó bí iná ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún 1991, nínú àkójọ tí wọ́n pè ní "Star Time", ni wọ́n tó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, láìgé, láìsáré. Mo ti fi méjèèjì wéra wọn. Èyí tí kò sáré wúwo, ó rọra ń tẹ̀ síwájú, ẹ á gbọ́ èémí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dáadáa. Àmọ́ kí n má purọ́, tó bá jẹ́ ká dìde jó ni, àwo kékeré ni tèmi. Ẹni tó yí téèpù yẹn mọṣẹ́.

Ti "Sex Machine" yàtọ̀ sí ti gígé. Èyí tó wà lórí àwo kékeré ọdún 1970 ni Part 1 àti Part 2 tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tó wà lórí àwo ńlá tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lọ́dún yẹn, wọ́n tún un kọ ni, ó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 11, ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ ọ́ kí wọ́n tó fi ariwo èrò àti àtẹ́wọ́ lé e lórí, kó lè dà bí ẹni pé níwájú òǹwòran ni. Àtẹ́wọ́ àgbékà lásán!

Nígbà tó fi máa di ọdún 1969, àwọn olórin fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í na orin. Isaac Hayes ló là á sílẹ̀. Àwo rẹ̀ "Hot Buttered Soul", orin mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. "Walk On By" gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. "By the Time I Get to Phoenix" kọjá ìṣẹ́jú 18, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀, ó ń sọ̀tàn ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń dalẹ̀ rẹ̀, dùùrù kan ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà láìsinmi. Stax gé méjèèjì kúrú, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ara wọn lórí àwo kékeré kan, méjèèjì sì wọ ogójì orin àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sídìí àwo Fẹlá tàbí àwo jùjú, níbi tí orin kan ti ń gba odidi ojú àwo, kò ní yà yín lẹ́nu. Lọ́wọ́ àwọn onírédíò Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn, ohun àjèjì ni.

Norman Whitfield, tó ń darí iṣẹ́ àwọn Temptations ní Motown, náà tọ ọ̀nà yìí. "Papa Was a Rollin' Stone" ti kọ́kọ́ jáde láti ọwọ́ ẹgbẹ́ The Undisputed Truth lọ́dún 1972 kó tó gbé e fún àwọn Temptations lọ́dún kan náà. Lórí àwo ńlá "All Directions", ó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, béèsì, gìtá àti fèrè á sì ti dún fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Inú àwọn tó ń kọrin ò dùn sí i, wọ́n ní ọ̀gá ti sọ àwọn di ẹlẹ́gbè nínú orin ara àwọn. Èyí tó wà lórí àwo kékeré gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 7, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ orin kan náà láìsí ohùn. Ìṣẹ́jú méje náà pọ̀ lójú onírédíò, síbẹ̀ ó gba ipò kìíní ní oṣù Disẹ́ńbà 1972, ó sì gba Grammy mẹ́ta. Lójú tèmi, ti àwo kékeré yìí kò bà jẹ́ rárá. Ẹ̀rù tó wà nínú orin náà ṣì wà níbẹ̀.

N ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún "Move On Up" Curtis Mayfield. Lórí àwo "Curtis", ọdún 1970, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 9, ìlù kọ́ńgà àti fèrè ló sì ń gbé e lọ lẹ́yìn tí Curtis bá ti dákẹ́. Èyí tó wà lórí àwo kékeré, tó ta dáadáa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1971, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó dà bí ẹni tí wọ́n pè wá síbi àríyá tí wọ́n ní kó máa lọ nígbà tí onílù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. "For the Love of Money" ti àwọn O'Jays náà rí bẹ́ẹ̀: ó lé ní ìṣẹ́jú 7 lórí àwo "Ship Ahoy", kò sì pé 4 lórí àwo kékeré.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni "Living for the City" Stevie Wonder, láti inú "Innervisions", ọdún 1973. Ó lé ní ìṣẹ́jú 7 lórí àwo ńlá. Apá kìíní sọ nípa ìdílé kan ní Mississippi: bàbá ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ìyá ń nu ilẹ̀ ilé onílé, ọmọ wọn ń wáṣẹ́, kò rí i nítorí àwọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà orin dúró, eré bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà wọ bọ́ọ̀sì lọ New York, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo àwọn ilé gíga tìyanu-tìyanu. Ẹnì kan ní kó bá òun gbé nǹkan kọjá sódì kejì títì. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá ti dé, wọ́n mú un, adájọ́ jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, wọ́dà sì fi èébú tì í wọnú àhámọ́. Ìgbà yẹn ni Stevie tún bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn rẹ̀ sì ti há, ó ti le, bí ohùn ẹni tí ayé ti fìyà jẹ gidi.

Gbogbo èyí kò sí lórí àwo kékeré. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó parí kí ọmọ náà tó wọ bọ́ọ̀sì. Òun náà ló gba ipò kìíní láàárín orin R&B ní Amẹ́ríkà. Àìmọye èèyàn ló ra àwo kékeré yẹn tí wọ́n mọ̀ pé ìdílé kan tòṣì, tí wọn ò mọ ohun tí ìlú ńlá fojú ọmọ wọn rí.

Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé àwo kékeré ló bí àwo ńlá. "What's Going On" Marvin Gaye jáde ní oṣù kìíní ọdún 1971 gẹ́gẹ́ bí orin kan ṣoṣo, Berry Gordy tó ni Motown ò sì fẹ́ ẹ rárá. Ìgbà tó tà ni wọ́n ní kí Gaye lọ ṣe odidi àwo, èyí tó jáde ní oṣù karùn-ún. Lórí àwo ńlá yẹn, orin ń wọnú orin ni, kì í dákẹ́ láàárín, ìparí "What's Going On" ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún èyí tó tẹ̀ lé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ mono àti stereo, mi ò ní fà á gùn. Títí di ìparí àwọn ọdún 1960, mono ni àwo kékeré sábà máa ń jẹ́, ohùn gbogbo á wá láti ojú kan, stereo sì wà lórí àwo ńlá. Àwọn tó ń to ohùn pọ̀ ní Motown máa ń fi ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré dán iṣẹ́ wò, irú èyí tó wà nínú mọ́tò, torí wọ́n mọ̀ pé inú mọ́tò làwọn ọ̀dọ́ ti ń gbọ́ orin. Ìdí nìyẹn tí orin Motown àtijọ́ fi máa ń le dáadáa ní mono, tí stereo rẹ̀ á sì máa tú ká létí. Fún orin tó ṣáájú 1968, mono ni kẹ́ ẹ wá. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwo ńlá.

Lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ wo ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. "Single Version", "Edit" tàbí "Pt. 1" túmọ̀ sí pé ti àwo kékeré ni. Àkójọ "Greatest Hits" sábà máa ń gbé ti kékeré wá láìsọ fún yín. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n bá kọ "Rerecorded" sí, ìyẹn kì í ṣe èkíní kì í ṣe èkejì: olórin ló dàgbà tán tó lọ tún orin ìgbà èwe rẹ̀ kọ fún ilé iṣẹ́ míì. Ní ti Sam Cooke, tí tiyín bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹsẹ sinimá wà níbẹ̀, ṣáájú ibi tó ti lọ bá arákùnrin rẹ̀ pé kó ran òun lọ́wọ́. Tí kò bá tó mẹ́ta, ẹ wá òmíì.