Ìyọ̀ǹda Tó Mú Spectrum Yè
Ọdún 1982 ni Sinclair, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kọ̀ǹpútà ilé tí ń jẹ́ ZX Spectrum jáde. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni eré àti ètò rẹ̀ wà. Ariwo lásán ni létí ènìyàn. Kásẹ́ẹ̀tì a máa bàjẹ́, ẹ̀rọ a sì máa gbó. Ìdí nìyí tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ fi kọ ètò bíi Fuse, tó ń mú kọ̀ǹpútà òde òní ṣiṣẹ́ bíi Spectrum, tí kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n ó nílò ètò ìpìlẹ̀ inú ẹ̀rọ náà, kìlóbáìtì 16 péré, èyí tí Amstrad ti rà lọ́wọ́ Sinclair lọ́dún 1986. Lọ́dún 1999, Amstrad yọ̀ǹda kí a máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́, láìjọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.