Ẹ̀rù Tí Ó Ní Ojúlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Adẹ́rùbani Tiwa àti Ti Íńdíà

Ayé lọjà, ọ̀run nilé, ni àwọn baba wa wí. Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ìtàn tí yóò ba ọmọdé lẹ́rù, ọjà ni ó sábà máa ń gbé e lọ. Wọn a ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó wo ọjà láti àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀, yóò sì rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀ tí wọ́n ń bá alààyè ná ọjà. Èmi tí mo dàgbà ní ẹ̀bá Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, níbi tí ààfin Ọba àti mọ́sáláṣí ńlá kò ti jìnnà sí ìsọ̀ àwọn ọlọ́jà, mo gbọ́ ìtàn yìí títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà nìkan kọ́ ni ẹ̀rù ti ń jáde mọ́. Lórí àtẹ àwọn tí ń ta àwo fídíò, mo ti rí eré Yorùbá tí ó kún fún ọfọ̀ àti eré àwọn ará Íńdíà tí ó kún fún òkú tí ń rìn, tí wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò, nítorí mo gbà pé ọ̀nà tí ìlú kan gbà ń dẹ́rù ba ara rẹ̀ lè fi ẹni tí yóò jìyà níbẹ̀ hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a ti òkèèrè bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1993 ni iléeṣẹ́ Zee TV ní Íńdíà bẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n pè ní Zee Horror Show, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Ramsay, tí wọ́n ti ń ṣe sinimá òkú àti iwin láti ọdún 1972. Ní oṣù October, ọdún 1995, Aahat, èyí tí B. P. Singh dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lórí iléeṣẹ́ Sony. Ó ń dáwọ́ dúró, ó sì ń padà wá, títí di ọdún 2015. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Híńdì ni ìró díẹ̀ tí a gbọ́ tí a fi mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ìtàn kọ̀ọ̀kan nínú eré náà dá dúró. Bí ìtàn kan bá ti parí, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ̀rù lè wà nínú ilé àtijọ́ lónìí, kí ó wà nínú dígí lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó dà bí àlọ́ alẹ́: bí a bá ti pa ọ̀kan tán, òmíràn ni a óò bẹ̀rẹ̀.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì pẹ́ ju ti amóhùnmáwòrán lọ. Ní ọdún 1826, nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eléégún aláré ṣeré fún un níwájú Aláàfin. Ọ̀kan di ejò ńlá, òmíràn sì di òyìnbó funfun, rírù, tí òtútù ń gbò. Ní ọdún 1938 D. O. Fágúnwà kó iwin àti ẹbọra sínú ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Nígbà tí amóhùnmáwòrán Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October, ọdún 1959, àwọn òṣèré ti wà nílẹ̀ tí wọn yóò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Hubert Ògúndé àti Ọlá Balógun gbé sinimá Aiyé jáde ní ọdún 1979. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni babaláwo tí ó dojú kọ àwọn àjẹ́ abúlé nínú rẹ̀. Jaiyésinmi tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Lẹ́yìn náà ni Jimoh Aliu, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì, tí ó kú ní ọdún 2020, gbé Àrélù wá sórí amóhùnmáwòrán. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ Fádèyí Olóró, àti Òrìṣàbùnmi tí í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara tiwa.

Ní Ìlọrin, egúngún kì í jó ní ìgboro. Àwọn tí ń ki ìlú wa a máa sọ pé ẹṣin ni ó dúró ní ipò rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí eégún ń ṣe fún ọmọ ìlú mìíràn, amóhùnmáwòrán ni ó bá wa ṣe é.

Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Nínú eré Íńdíà wọ̀nyí, ẹ̀rù a máa ṣí kiri. Bí òkú bá padà wá, nígbà púpọ̀ ẹni tí a fi ìyà jẹ ni, ó wá gba ẹ̀san. Nínú eré tiwa, ẹ̀rù ní ojúlé. Ìyá ọkọ ni, tàbí orogún, tàbí arúgbó obìnrin tí ó ń dá gbé ní ẹ̀yìn ilé. Bí eré bá parí, òṣèré a bọ́ aṣọ, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ wa ṣì wà nílé, arúgbó náà sì ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ọdún 1950 ni àwọn Alátìńgà ti ilẹ̀ Dahomey wọ inú Ègbádò. Wọ́n ń tọ́ka sí àwọn obìnrin, àgbà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, pé àjẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá sẹ́, ikú adìẹ ni wọ́n fi ń dán an wò. Wọ́n fọ́ ojúbọ òrìṣà pẹ̀lú, títí ìjọba fi fi òfin dè wọ́n ní ọdún 1951. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé agbègbè kan náà ni a ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí, tí a sì fi ń tù wọ́n lójú. Àjọ UNESCO kéde ijó náà ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń jó fún ìyá ni ó tún fa ìyá jáde fún ìtìjú.

N kò wí pé eré ni ó bí Àtíńgà. Àtíńgà ti wá, ó sì ti lọ, kí amóhùnmáwòrán tó dé. Ohun tí mo ń wí ni pé eré jogún ojúlé náà, kò sì wádìí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a má sì rò pé Íńdíà mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1999 ni ìpínlẹ̀ Bihar ṣe òfin láti fi dá àwọn tí ń pe obìnrin ní àjẹ́ dúró. A kì í ṣòfin sí ohun tí kò sí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kí a wá kó Àrélù dànù ni? Ó tì o. Èmi tí mo ń kọ́ èdè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mi ni ó jẹ́ pé inú irú eré bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbọ́ ọfọ̀ rí. Nínú ọfọ̀, bí orúkọ ewé kan bá ní ọ̀rọ̀-ìṣe nínú, ọ̀rọ̀-ìṣe náà gan-an ni a óò fi pàṣẹ fún un. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí i dáadáa ti gba ẹ̀kọ́ gírámà láìsan owó ilé-ìwé.

Láti ọdún 2015 ni Zee World ti ń gbé eré Íńdíà tí a tún ohùn rẹ̀ ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ìyá wa sì ń wò ó. Bí a óò bá yá nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, ètò ìtàn tí ó dá dúró ni kí a yá. A ní àkúdàáyà tí ó kú ní ìlú kan tí ó ń ṣòwò ní ìlú kejì. A ní iwin, a ní egbére tí ń sunkún pẹ̀lú ẹní rẹ̀. A ní àwọn tí ń ná Ọjà-Ọba tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Wọ́n tó fún ọdún púpọ̀, kí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi tí ẹ ń kọ eré, ẹ fi ọfọ̀ sí i, ẹ fi ẹ̀rù sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyá arúgbó ẹ̀yìn ilé wa sùn ní àlàáfíà.