Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá: láti Òkèihò dé London

Ìyá mi àgbà ní Ìsẹ́yìn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ kóòtù rárá. Bí ẹ bá ti dárúkọ ẹ̀, wọn á ní, “A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́.” Mo máa ń rò pé ẹ̀rù lásán ni. Ìgbà tí mo ka ìtàn ọdún 1916 ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ní gbòǹgbò ní Òkè-Ògùn wa níbí.

Lọ́dún 1914, Lugard so Gúúsù àti Àríwá pọ̀, ó sì gbé òfin kóòtù tuntun jáde. Kóòtù ìbílẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ wá gba ẹjọ́ tí àwọn baálé àti ìjòyè ti ń parí tẹ́lẹ̀. Lókè rẹ̀ ni Provincial Court, níbi tí ajẹ́lẹ̀ àti àwọn òyìnbó abẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe adájọ́. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tó ń pàṣẹ ìlú ló tún ń dájọ́! Wọ́n sì ti lọ́yà sẹ́yìn. Captain Ross ni ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, ọwọ́ òun àti Aláàfin Ládìgbòlù sì wọ ọwọ́. Ta ni ará Òkèihò fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Òkèihò àti Ìsẹ́yìn dìde. Kì í ṣe kóòtù nìkan ló bí wọn nínú. Iṣẹ́ àfipáṣe wà níbẹ̀, agbára tí Ọ̀yọ́ ń lò lé wọn lórí náà wà níbẹ̀. Wọ́n pa Ọ̀njọ Òkèihò. Mi ò ní sọ pé ìyẹn dára o. Ìjọba kó ṣọ́jà wá, wọ́n so lára àwọn aṣáájú rọ̀, wọ́n sì kó ìlú Òkèihò kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ní 1917 ló dé ibi tó wà lónìí. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ rántí pé ẹjọ́ tí kò ríbi sọ wà lára ohun tó gbé e síbẹ̀.

Ẹjọ́ kejì kan Ọ̀yọ́ náà. Ní 1925, ìjọba yọ Elékòó Èṣùgbàyí lóyè l'Ékòó, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n Èkó ní kóòtù tí lọ́yà lè wọ̀. Wọ́n béèrè fún habeas corpus, ìyẹn àṣẹ pé kí ẹni tó há èèyàn mọ́ wá sọ ìdí rẹ̀ fún adájọ́. Èkó kọ̀. Wọ́n gbé e dé Privy Council ní London. Ní 1928, ibẹ̀ ní bí adájọ́ kan bá kọ̀, ó lè tọ òmíràn lọ. Ní 1931, Lord Atkin ní kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni, àfi tó bá lè fi hàn níwájú kóòtù pé òfin wà lẹ́yìn òun. Lọ́dún yẹn kan náà ni Elékòó padà sílé. Ní 1933, Gómìnà Cameron pa Provincial Court rẹ́, ó fi High Court tí lọ́yà lè wọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Èmi ò rò pé ọgbọ́n ará Èkó ju ti ará Òkèihò lọ. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi jù wọ́n lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí Lugard tó dé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Lónìí, abala 36 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lè yan lọ́yà tó wù ú, àti pé aláìṣẹ̀ ni títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn. Tí kò bá gbọ́ èdè kóòtù, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá a lórí fóònù yín, kí ẹ kà á lóhùn rara fún ẹnì kan nílé. Màmá mi àgbà ni màá kà á fún lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á gbọ́ ọ. Ó di apá tó ń bọ̀ o.