Ohùn Kọ́ Ni Èdè: Ìtàn Ọmọ tí Kò Tètè Sọ̀rọ̀

Nínú gbogbo òwe tí Yorùbá ń pa nípa ọ̀rọ̀ sísọ, ó ṣòro kí a rí èyí tí sùúrù wà nínú rẹ̀ tó èyí tí ó wí pé, bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kì í sábà ronú lé lórí: a máa ń wí pé ìyá odi ni í gbọ́ èdè odi. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kò wí pé odi kò ní èdè. Ohun tí ó wí ni pé odi ní èdè, ìyá rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ. Àwọn baba wa tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti ya ohun méjì sọ́tọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Òyìnbó fi ọjọ́ pípẹ́ lù mọ́ ara wọn: ohùn tí ń ti ẹnu jáde, àti èdè tí ń bẹ nínú ènìyàn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní yunifásítì tí a sì ń gba ìwé-ẹ̀rí fún, kò tí ì pẹ́ láyé. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1925 ni àwọn tí ń ṣe é kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1945 ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn mẹ́ta láti òkè òkun, kí n sì fi ìkẹrin, tí ó kan ilé tiwa gan-an, kún un. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé nígbàkígbà tí àwọn àgbà bá ti torí ohùn fi èdè du ọmọ, ọmọ ni ó ń jìyà rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà kì í sì í dé títí ọjọ́ yóò fi lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1800, àwọn ará Saint-Sernin, ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, rí ọmọkùnrin kan mú tí ó ti ń dá gbé inú igbó. Ọjọ́ orí rẹ̀ yóò tó ọdún 12. Kò gbọ́ èdè kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ̀kan. Nígbà tí a mú un dé Paris, Philippe Pinel, dókítà tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dájọ́ pé aláìlóye àbínibí ni, pé kò sí ẹ̀kọ́ tí ó lè wọ̀ ọ́ lórí. Dókítà mìíràn, Jean Itard, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 26, kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà kò rí gbà, kì í ṣe pé kò ní ọpọlọ. Ó gbà á sí ọ̀dọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití tí ó wà ní Paris, ó sọ ọ́ ní Victor, ó sì fi í sí abẹ́ ìtọ́jú obìnrin kan tí ń jẹ́ Madame Guérin.

Itard kíyè sí ohun kan tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ fojú fò. Bí a bá yin ìbọn lẹ́yìn Victor, kì í wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ́ èso kan tí èèpo rẹ̀ le bí ti ẹkùrọ́, èyí tí ó fẹ́ràn láti máa jẹ, kíá ni yóò yíjú sí ibẹ̀. Etí rẹ̀ kò di. Ohun tí ó ní ìtumọ̀ sí i ni ó ń gbọ́. Ọdún márùn-ún ni Itard fi kọ́ ọ, ohun tí ó sì ń wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ohùn. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó rí gbà lẹ́nu rẹ̀, èyí tí ó hàn jù nínú wọn sì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé fi ń pe wàrà, lait. Síbẹ̀ inú Itard kò dùn, nítorí pé ìgbà tí wàrà bá ti dé iwájú ọmọ náà tán ni ó ń pè é, bí ẹni tí ayọ̀ mú kígbe; kò fi ọ̀rọ̀ náà tọrọ wàrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ́ ọ láti fi lẹ́tà mẹ́rin to ọ̀rọ̀ kan náà, Victor kó àwọn lẹ́tà náà dání lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń lọ sí ilé tí a ti máa ń fún un ní wàrà. Kò sí ẹni tí ó rán an. Bí ó ti dé ibẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè tọrọ, ọwọ́ rẹ̀ tọrọ rẹ̀.

Lójoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń fi ọwọ́ àti ìṣe sọ̀rọ̀. Bí àlejò bá pẹ́ jù lójú rẹ̀, yóò kó fìlà àti ọ̀pá àlejò náà lé e lọ́wọ́, yóò sì rọra tì í sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ Madame Guérin kú, Victor tẹ́ àwo olóògbé náà sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bí ó ti rí ẹkún tí obìnrin náà bú sí, ó gbé àwo náà kúrò, kò sì tẹ́ ẹ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹni tí ó lè ṣe èyí kì í ṣe aláìlóye. Inú ọgbà tí àwọn adití ti ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ tọ̀sán tòru ni ó sì ń gbé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí Itard gbé kalẹ̀ fún un kò gba ti èdè ọwọ́. Ní ọdún 1806, Itard pa iṣẹ́ náà tì. Madame Guérin ni kò pa Victor tì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú ní 1828. Bí ó ti wù kí ó rí, iṣẹ́ Itard kò ṣòfò: Édouard Séguin kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, Maria Montessori sì ka ìwé àwọn méjèèjì kí ó tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké rẹ̀ ní Rome ní 1907.

Ìtàn kejì bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Àlùfáà kan, de l'Épée, ni ó dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1760. Ọwọ́ tí àwọn adití fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ó wò, tí ó sì gbà pé a lè ti ibẹ̀ kọ́ wọn ní ìwé. Ní Jámánì, Samuel Heinicke takò ó. Ó ní ẹni tí kò bá fi ẹnu sọ̀rọ̀ kò lè ronú dáadáa. Àríyànjiyàn yìí gba ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Milan ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sì fi ìbò 160 sí 4 pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a máa fi kọ́ adití. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó dìbò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì àwọn tí etí wọn ń gbọ́.

Ohun tí ó tẹ̀lé ìpinnu yìí burú. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, a ka èdè ọwọ́ léèwọ̀. Àwọn olùkọ́ tí ó jẹ́ adití pàdánù iṣẹ́ wọn. Ọmọ tí a bá ká mọ́ ibi tí ó ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ sì ń jìyà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fi ìgbà èwe wọn kọ́ bí a ti ń pe ìró tí wọn kò lè gbọ́, tí ìwé àti ìmọ̀ sì ń fo orí wọn kọjá. Ọdún 1960 ni William Stokoe, ní Gallaudet ní Amẹ́ríkà, tó fi hàn pé èdè ọwọ́ ní ìlànà àti gírámà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè yòówù tí a ń fi ẹnu sọ. Ọdún 2010 ni irú àpérò kan náà, tí ó ṣe ìjókòó rẹ̀ ní Vancouver ní Kánádà, tó kọ ìpinnu Milan sílẹ̀ tí ó sì kẹ́dùn ibi tí ó ti ṣe. Àádóje ọdún ni ẹ̀bẹ̀ náà fi wà lójú ọ̀nà.

Ìtàn kẹta ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Wendell Johnson, olùkọ́ yunifásítì tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akólòlò, gbà pé àròjù àwọn òbí àti orúkọ tí wọ́n bá fi pe ọ̀rọ̀ ọmọ ni í sọ ọmọ di akólòlò. Ní 1939, ó rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Mary Tudor, lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ìlú Davenport láti dán èrò yìí wò. Ọmọ 22 ni wọ́n ṣà jọ. Mẹ́fà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn já gaara ni a sọ fún pé wọ́n ti ń di akólòlò, pé kí wọ́n má ṣe la ẹnu bí kò bá dá wọn lójú pé ọ̀rọ̀ náà yóò jáde dáadáa. Àwa mọ̀ pé ẹyin ni ọ̀rọ̀, pé bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ni í fọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọ̀rọ̀. Ojú ń tì wọ́n, wọn kì í sì í fẹ́ dáhùn ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ.

Wọn kò sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ náà. Ìwé iṣẹ́ ìwádìí náà wà ní ilé ìkàwé, a kò sì tẹ̀ ẹ́ fún aráyé. Ọdún 2001 ni ìwé ìròyìn kan gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, tí yunifásítì náà sì tọrọ àforíjì. Ní 2007 ni ìjọba Iowa gbà láti san dọ́là 925,000 fún àwọn tí ó pe ẹjọ́, àwọn kan ti kú nígbà náà. Àwọn onímọ̀ òde òní ti fi hàn pé ìkólòlò ní gbòǹgbò nínú ọpọlọ àti nínú ìran, pé òbí kọ́ ni ó ń fà á. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ọmọ Davenport jẹ́rìí sí títí di òní: ọ̀rọ̀ àgbà lè má sọ ọmọ di akólòlò, ṣùgbọ́n ó lè pa á lẹ́nu mọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti láàárín àwọn ènìyàn wa ní London, bí ọmọ bá pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí kò tí ì lè so ọ̀rọ̀ pọ̀, ìmọ̀ràn tí òbí rẹ̀ sábà máa ń gbà ni pé kí wọ́n pa Yorùbá tì, kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan fún un, kí èdè méjì má baà dà á lórí rú. Ìmọ̀ràn yìí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní 1962, Elizabeth Peal àti Wallace Lambert fi hàn ní Montreal pé ọmọ tí ó gbọ́ èdè méjì kò rẹ̀yìn sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó gbọ́ ẹyọ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ìròyìn ìgbìmọ̀ Bullock ní 1975 wí pé kò yẹ kí a retí pé kí ọmọ bọ́ èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ṣáájú èyí, ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ẹ̀kọ́ tí àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ń gbà lónìí kò yàtọ̀ sí èyí: èdè méjì kì í dá àìtètèsọ̀rọ̀ sílẹ̀, yíyọ ọ̀kan kúrò kì í sì í wò ó sàn.

Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ràn burúkú náà ń ṣe. Ìyá tí ó mọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tí ó dùn ní Yorùbá yóò wá máa fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò sì di odi nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí ebi ọ̀rọ̀ ń pa ni a tún gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Milan ni a tún ń ṣe yìí, nínú yàrá tiwa.

Yorùbá sì ní ẹ̀rí tirẹ̀ pé ohùn ẹnu nìkan kọ́ ni èdè. Dùndún kò ní ahọ́n, kò ní ètè, kò lè pe ọ̀kan nínú kọ́ńsónáǹtì wa. Síbẹ̀ a ń gbọ́ ohun tí ó ń wí. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí èdè olóhùn bí ti ilẹ̀ Ṣáínà rí i pé ọmọdé a máa tètè mú ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ kí ó tó mú ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Nítorí náà, ọmọ tí kò lè pe gb dáadáa, ṣùgbọ́n tí a gbọ́ ìyàtọ̀ igba, igbá àti ìgbà nínú ohùn rẹ̀, ti mú ohun ńlá nínú èdè wa. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè rí èyí nígbà tí ó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì wa ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí, pẹ̀lú àwọn tí ń kọ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, nínú ìwádìí kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a sì tẹ̀ jáde ní 2016, nǹkan bí ọmọ méjì nínú kíláàsì ọlọ́gbọ̀n ọmọ ni èdè kíkọ́ ṣòro fún láìsí pé etí wọn di tàbí pé àìsàn mìíràn ń ṣe wọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí a kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Kí a má sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kí a dá a lóhùn. Kí a sì rọ àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n máa fi èdè tí wọ́n gbọ́ jù bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì wá olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́. Nígbà tí a bá ń pàlọ́, ọmọ tí kò ní ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbe ègbè. Akólòlò yóò pe baba lóòótọ́, ṣùgbọ́n baba gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí ó sì ní sùúrù láti gbọ́.