Fífi Ìrìnàjò Iṣẹ́ Ṣe Ìsinmi Ránpẹ́

Fífi ìrìnàjò iṣẹ́ ṣe ìsinmi ránpẹ́ ni àṣà kí òṣìṣẹ́ tàbí oníṣòwò tí iṣẹ́ gbé dé ìlú mìíràn fi ọjọ́ díẹ̀ kún un, kó fi gbafẹ́, kó fi wo ìlú, tàbí kó fi kí ará àti ọ̀rẹ́ kó tó padà sílé. Àwọn kan máa ń ṣáájú iṣẹ́ débẹ̀, àwọn mìíràn máa ń dúró lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ohun tó gbé àṣà yìí ró ni pé owó ọ̀nà ló sábà máa ń wọ́n jù nínú ìrìnàjò, iṣẹ́ sì ti san án. Ohun tó kù fún òṣìṣẹ́ kò ju oúnjẹ àti ibùsùn ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Lójú àjọ UN Tourism, ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ àti ẹni tó lọ gbafẹ́ jọ ń jẹ́ àlejò ni, bí wọn kò bá ti ní í pé ọdún kan níbẹ̀, tí kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ ìlú náà ló gbà wọ́n síṣẹ́. Àmọ́ ìdí kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì jù ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọjọ́ afẹ́ tí a fi kún iṣẹ́ kì í sábà hàn nínú àkọsílẹ̀.

Ìtàn

Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ń da òwò pọ̀ mọ́ àbẹ̀wò. Àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí òṣómàáló máa ń ta ọjà àwìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n á sì dúró ti gbèsè wọn títí wọ́n á fi gbà á. Ẹni tó wà lẹ́nu irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì ní onílé tó ń gbà á sílé, kó sì bá wọn dé ibi ìnáwó.

Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, owó ọkọ̀ òfuurufú ló ti àṣà náà lẹ́yìn. Láti àwọn ọdún 1970 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti ń dín owó tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ kù fún ẹni tó bá gbà láti sun òru Sátidé níbi tó lọ. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ á fẹ́ wà nílé lópin ọ̀sẹ̀, àti pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sanwó, nítorí náà wọ́n lè gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lọ gbafẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi owó pọ́ọ́kú fà. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá fi rí i pé bí òṣìṣẹ́ bá dúró di Sọ́ńdè, owó tó dín lórí tíkẹ́ẹ̀tì lè ju owó òtẹ́ẹ̀lì lọ. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan, òfin òru Sátidé dẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìpàdé kéékèèké di ti orí Zoom, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì rí i pé kọ̀ǹpútà alágbèéká tó àwọn láti ṣiṣẹ́ níbikíbi.

Ìsinmi lábẹ́ òfin

Ọjọ́ afẹ́ kan péré níyì gan-an fún ẹni tí ìsinmi rẹ̀ kò tó nǹkan. Òfin Iṣẹ́ ní Nàìjíríà fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń fún òṣìṣẹ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Britain, ọ̀sẹ̀ 5.6 ni. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ aládàáni.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Òpin ọ̀sẹ̀ kan tó láti gbádùn ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí àwọn ìlú ńlá rẹ̀ kò jìnnà síra. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 ń rin kìlómítà 157, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Ará Èkó tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní Ìbàdàn ní Fúráídè lè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ nílé.

Ní Abẹ́òkúta, abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú fi ṣe ibi ààbò nígbà tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830. Lójú òkúta náà, ihò kéékèèké tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan jíjẹ nígbà ogun ṣì wà. Yàrá abẹ́ àpáta sì rẹlẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti tẹ̀ba kó tó wọlé. Láti orí rẹ̀, èèyàn á rí odò Ògùn àti òrùlé páànù ìlú lọ jàǹtìrẹrẹ. Ọjà Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, kò jìnnà síbẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Oníkó ni èyí tí wọ́n fi ìkó dì.

Ní Òṣogbo, UNESCO fi igbó Òṣun, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, kún àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣọ̀nà ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ wà káàkiri inú rẹ̀. Àlejò tí iṣẹ́ gbé wá sí Èkó náà lè lọ sí Lekki Conservation Centre, tí afárá orí igi rẹ̀ gùn tó mítà 401.

Owó àti ìwé ìrìnnà

Kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, kí ó sì gba àṣẹ náà ní kíkọ sílẹ̀. Bí owó bá lé nítorí ọjọ́ tó fi kún un, òun ni yóò san èlé náà. Rìsíìtì òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ iṣẹ́ àti ti ọjọ́ afẹ́ gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó lọ sí òkè òkun, iye òru tó fi ṣiṣẹ́ ni estacode, ìyẹn owó àjò òkè òkun, wà fún, kò kan òru afẹ́. Ó tún yẹ kó béèrè bóyá ìbánigbófò tí ọ́fíìsì rà fún un ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́, nítorí bí àìsàn bá ṣe é lọ́jọ́ afẹ́, ara rẹ̀ ni ìnáwó lè já lé.

Físà àlejò Britain gba ìpàdé iṣẹ́ àti afẹ́ láyè, físà B-1/B-2 ti Amẹ́ríkà náà sì gbà wọ́n pọ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, àlejò kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180, ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ afẹ́ sì ni wọ́n jọ ń kà.

Ẹbí àti àléébù

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé gbọ́dọ̀ rántí pé ọjọ́ tí òun fi gbafẹ́, ẹlòmíràn ló ń dá tọ́jú wọn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ wá bá wọn lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì fi owó ara wọn san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Àléébù tó tóbi jù ni kí iṣẹ́ gba ọjọ́ afẹ́ náà mọ́ni lọ́wọ́. Bí ọ̀gá bá ń pe òṣìṣẹ́ lórí fóònù láti àárọ̀ dé alẹ́ ní Sátidé, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń ṣe. Bákan náà, agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rọ́pò ìsinmi ọdún. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni ìsinmi ọdún, kó sì gbà á pé. Òpin ọ̀sẹ̀ tó fi kún ìrìnàjò iṣẹ́ jẹ́ àfikún lórí rẹ̀.