Ta Ni Ó Kọ́ Ọ? Ìtàn Bí A Ti Ń Dá Olùkọ́ Ìdárayá Mọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń pe ara wọn ní olùkọ́ ìdárayá ti rí nìyí ní àwọn ìlú ńláńlá agbègbè wa lónìí. Láti Èkó dé Àkírà, láti Kútọnu dé Dàkár, àwọn ilé ìdárayá tí aráyé ń pè ní jíìmù ti gba ìgboro kan. Nínú wọn ni a ti ń rí ẹni tí iṣan ara rẹ̀ le bí òkúta, tí ó so fèrè mọ́ ọrùn, tí ó ń pàṣẹ fún ẹlòmíràn pé kí ó sáré, kí ó fò, kí ó gbé irin. Ó lè jẹ́ ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì nítorí iṣẹ́ yìí. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ìṣòro níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Bí ara olùkọ́ bá dára, ó mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àròkọ yìí kò bá òwe náà jà. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni pé kí ni aṣọ ọrùn olùkọ́ gan-an: ṣé ara rẹ̀ ni, àbí ohun mìíràn? A ó gba ojú ìtàn wò ó, láti ìgbà tí kò sí ìwé ẹ̀rí kankan títí di ìsinsìnyí tí ìwé ẹ̀rí pọ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń béèrè rẹ̀ kò pọ̀.

Kí àwọn òyìnbó tó dé, eré agbára kò ṣàjèjì sí wa. Yorùbá ní ìjàkadì tí a tún ń pè ní ẹkẹ, Ígbò ní mgba, Wolof ní làmb. Àwọn Haúsá ní kokawa, èyí tí í ṣe ìjàkadì, wọ́n sì ní dambe, èyí tí í ṣe ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Nínú dambe, ọwọ́ kan ṣoṣo ni a ń fi aṣọ àti okùn dì láti fi jà. Ọwọ́ kejì ni asà. Ẹgbẹ́ àwọn alápatà ni ìtàn sọ pé wọ́n jẹ́ gbòógì nínú eré yìí. Wọn a máa lọ láti abúlé dé abúlé ní àsìkò ìkórè láti fi í dá àwọn ènìyàn lára yá.

Ta ni ó ń kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ní irú eré bẹ́ẹ̀, báwo sì ni àwọn òbí ṣe mọ̀ pé ó tó kọ́ ọ? Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí wà. A lè pín ẹ̀rí náà sí mẹ́ta. Èkíní, gbogbo ìlú mọ ẹni tó kọ́ olùkọ́ náà. Èkejì, wọ́n ti rí òun fúnra rẹ̀ nínú agbo. Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, wọ́n ti rí àwọn ọmọ tí ó tọ́: bóyá wọ́n jà dáadáa, bóyá wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú eegun tí kò ṣẹ́. Bí ó bá ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ilé rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nítorí náà, ara olùkọ́ nìkan kọ́ ni aṣọ ọrùn rẹ̀ láyé ìgbà náà. Àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ètò yìí ní ààlà tirẹ̀ o. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le ni ó wà fún. Kò sí ẹni tí ń mú ìyá àádọ́ta ọdún tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọ inú agbo ìjàkadì. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ sì wà lára àwọn tí ń wọ jíìmù lónìí.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, eré ìdárayá wọ inú kíláàsì. Ìwé ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní 1933 fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tiwọn ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ níbí náà ń lò. Àǹfààní ìlànà náà ni pé ó to eré ní ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ọmọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sọ ìdárayá di ohun àṣẹ: kí gbogbo ọmọ na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì tò bí ọmọ ogun. Àṣà kí olùkọ́ máa pàṣẹ láìbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kúrò lára wa pátápátá.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìràwọ̀ eré ìdárayá yọ. Hogan Bassey, ọmọ Calabar, di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1957, ó sì di olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ Nàìjíríà lẹ́yìn tí ó fi ìjà sílẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni ti Teslim Balogun, ọmọ Èkó, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Thunder. Ó wà nínú ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949. Ó padà lọ síbẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní àárín àwọn ọdún 1950, ó sì gbá fún Queens Park Rangers. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó kí ẹgbẹ́ kan gbà á síṣẹ́ olùkọ́. Síbẹ̀, ó jókòó, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìkọ́ni, a sì kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́. Ó ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ bọ́ọ̀lù gbá, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ bí a ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn láti gbá a. Ó kú ní 1972, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó fi ìṣe rẹ̀ hàn yìí ni ọ̀pọ̀ jíìmù ti gbàgbé.

Ìjọba náà rí ìyàtọ̀ yìí. Ní 1971, ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe òfin tó dá Àjọ Eré Ìdárayá Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀. Ní 1973, Èkó gbàlejò ìdíje gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó sì hàn gbangba pé pápá ìṣeré rọrùn láti kọ́ ju olùkọ́ lọ. Ní 1974 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àpapọ̀ fún eré ìdárayá sílẹ̀ ní Surulere, kí ó lè máa kọ́ àwọn olùkọ́ni, kí ó sì máa fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ èdè Faransé ní irú rẹ̀ ní Abidjan, ní Dàkár àti ní Porto-Novo. Yunifásítì Ìbàdàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì láti 1966.

Òfin tẹ̀lé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò dé ibi gbogbo. Láti 1988 ni òfin Nàìjíríà ti ní ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ onífisiotẹ́rápì sílẹ̀. Láti 1993 ni ó ti ní ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ya ilé, tí ó ra irin, tí ó sì kọ orúkọ sí iwájú rẹ̀ pé òun ń kọ́ni ní ìdárayá kò sí lábẹ́ èyíkéyìí nínú òfin méjèèjì. Ibí yìí ni okùn ti já. Ètò ìlú tí ẹlẹ́rìí wà nínú rẹ̀ ti lọ, ètò ìwé ẹ̀rí kò sì dé jíìmù.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé iṣẹ́ ọwọ́ ládùúgbò wa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó tó gba òmìnira, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí fírídọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ aránṣọ yóò péjọ, ọ̀gá yóò gbàdúrà, wọn yóò fún un ní ìwé tí yóò fi kọ́ ara ògiri. Aṣọ ni ó sì ń gé. Bí ó bá gé e kù, a lè ra òmíràn. Ẹni tí ń kọ́ni ní ìdárayá ń lo ọkàn, eegun àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, a kò sì bi í pé ta ni ó dá a ní òmìnira.

Ẹ̀jẹ̀ tí a dárúkọ yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Wọn kò ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ara wọn sì le bí ti ẹnikẹ́ni. Ní 1987, ìwádìí kan láàrin àwọn ọmọ ogun tuntun ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ewu ikú òjijì nígbà ìdárayá ga ní nǹkan bí ìlọ́po 28 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ AS ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kì í ṣe AS lọ. Ní 2016, ìwádìí mìíràn yẹ nǹkan bí 48,000 ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú wò níbẹ̀. Kò rí i pé ikú pọ̀ sí i láàrin àwọn AS, ṣùgbọ́n ó rí i pé ewu kí iṣan ara wó, kí ìdọ̀tí rẹ̀ sì ṣàn sínú ẹ̀jẹ̀, fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Láàrin ìgbà méjèèjì, iṣẹ́ ológun náà ti ní ìlànà ìdáàbòbò fún gbogbo ọmọ ogun: omi mímu, ìsinmi, àti ìṣọ́ra nínú oòrùn. A lè rí ẹ̀kọ́ kan fà yọ níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ AS kò ní kí ènìyàn má ṣe ìdárayá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń darí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Olùkọ́ tí kò mọ èyí, tí ó ń kígbe pé "Má dúró! Má sinmi!" ní ọ̀sán gangan, lè pa ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Báwo wá ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Àmì àkọ́kọ́ ni pé olùkọ́ tòótọ́ a máa béèrè kí ó tó pàṣẹ. Ní Kánádà ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ṣe ìwé ìbéèrè ránpẹ́ kan fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdárayá: ṣé dókítà ti sọ pé ọkàn rẹ ní àìsàn? Ṣé àyà máa ń dùn ọ́? Ṣé òòyì máa ń kọ́ ọ? Irú ìwé náà ti tàn káàkiri ayé. Àmì kejì ni pé olùkọ́ tòótọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. Bí orúnkún bá wú, yóò ní kí o lọ rí onífisiotẹ́rápì. Kò ní ta àgbo tàbí oògùn oníhóró fún ọ. Àmì kẹta ni pé ó ń fi díẹ̀díẹ̀ kún iṣẹ́. Àmì kẹrin ni pé ó lè sọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde, ìwọ náà sì lè kọ̀wé síbẹ̀ láti mọ òtítọ́.

Ẹnikẹ́ni lè bi wá pé ṣé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa láìní ìwé? Ó wà. Àwọn akànṣẹ́ àtijọ́ kan wà tí ogún ọdún nínú pápá ti kọ́ ní ohun tí ìwé kò kọ́ni. Àwọn kan sì wà tí ìwé ẹ̀rí wọn kò ju ti òpin ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nítorí náà, kì í ṣe kí a lé àwọn tí kò ní ìwé jáde ni ó tọ́, bí kò ṣe kí a ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn láti wá ṣe ìdánwò ohun tí wọ́n mọ̀, kí a sì fi ohun tí wọn kò mọ̀ kún un. Ìwé ẹ̀rí kò ju ẹ̀rí ìlú tí a kọ sílẹ̀ lọ. Ìlú ti tóbi ju èyí tí a ó fi máa mọ olùkọ́ olúkúlùkù lójú lọ, ìdí nìyẹn tí a fi nílò ìwé.

Iṣẹ́ kan kù fún àwa olùkọ́ èdè. Nínú èdè Yorùbá, a ti ní akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ti bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà, ọ̀gá, ni a ń pe gbogbo ẹni tó wà ní jíìmù, ì báà jẹ́ ẹni tó kàwé, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí èdè kò bá ya méjì sọ́tọ̀, ojú kì í tètè yà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ di ara wọn mú ní ìbéèrè tí àwọn baba wa ń béèrè ní etí agbo: ta ni ó kọ́ ọ? Ta ni ìwọ náà ti kọ́, báwo ni wọ́n sì ṣe padà sílé? Ẹni tó bá ní aṣọ lọ́rùn kì í bínú bí a bá wò ó.