Òwú Aláwọ̀ ní Ọjà Àbújá

Ní Àbújá, ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ hun súẹ́tà, fìlà òtútù tàbí ṣọ́ọ̀lì ọmọ tuntun, ìsọ̀ àwọn tó ń ta irun ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ní ọjà Wuse, ti Garki àti ti Utako, ẹ̀gbẹ́ àtáṣímẹ́ǹtì ni wọ́n máa ń so wúùlù kọ́ sí, tàbí kó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta síìpù, bọ́tìnnì àti nǹkan ìránṣọ gbogbo. Ohun tó fà á kò fara sin. Láti ìgbà tí òwú ti di ọjà títà ní àgbègbè yìí, àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun ni oníṣòwò ń kó o wá fún: ahunṣọ, onídìrí, aránfìlà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ hun súẹ́tà iléèwé. Ẹni tó ń hun nǹkan fún ìnajú, nínú tiwọn ló ti ń ṣa tirẹ̀.

Kí Àbújá tó di olú-ìlú, ìlú mìíràn ló ń jẹ́ orúkọ náà. Nígbà tí àwọn ajagun Fúlàní gba Zaria lọ́wọ́ àwọn ọba Háúsá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdílé ọba sá wá sí Zuba, tó wà nínú ilẹ̀ olú-ìlú títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn, Abu Ja, ló tẹ ìlú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dó ní 1828. Ìlú yẹn ni wọ́n ń pè ní Suleja báyìí.

Òwú tí ayé ìgbà náà mọ̀, òwú oko ni, àwọn obìnrin ló sì ń ṣe é, nílẹ̀ Háúsá àti nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí òkúta tàbí pákó, wọ́n á fi ọ̀pá irin yí i mọ́lẹ̀ kí kóró inú rẹ̀ lè bọ́ síta. Wọ́n á wá fi ọrun kékeré gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fúyẹ́, kí wọ́n tó mú ìrànwú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní amọ̀ ribiti nídìí, láti fi ran án di fọ́nrán. Ìyá àgbà tí agbára oko ti tán lára rẹ̀ lè fi iṣẹ́ yìí bọ́ ara rẹ̀. Òwú rínràn lọ́ra ju aṣọ híhun lọ, ìdí nìyẹn tí òrànwú fi gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ahunṣọ lọ ní ìlúkílùú.

Aró ìbílẹ̀ ló ń fún òwú yìí ní àwọ̀ dúdú tó dára. Ti pupa ni kò rọrùn. Heinrich Barth, ọmọ Jámánì tó dé Kánò ní 1851, rí ṣẹ́dà pupa tí wọ́n di sẹ́yìn ràkúnmí gba aṣálẹ̀ kọjá láti Tripoli. Àjẹkù ṣẹ́dà láti Yúróòpù ni. Òun ni àwọn ahunṣọ Yorùbá fi ń hun àlàárì, òun náà ló sì jẹ́ kí àlàárì wọ́n. Òwú aláwọ̀ tó ń ti òkèèrè wá lówó iyebíye kì í ṣe ohun tuntun rárá.

Híhun tí kò nílò òfì, tó jẹ́ abẹ́rẹ́ gígùn méjì tàbí píìnì kíróṣé kan ṣoṣo, iléèwé àwọn míṣọ́nnárì ló tàn án kálẹ̀. Anna Hinderer, tó bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní aṣọ rírán. Nígbà tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dá iléèwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ l’Ékòó ní 1869, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tí àwọn òyìnbó ń rò ni pé kí ọmọbìnrin dúdú di ìyàwó ilé bíi ti ìlú wọn. Àwọn tí wọ́n kọ́ gba iṣẹ́ náà, wọ́n fi tún pálọ̀ ara wọn ṣe. Títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ilé akọ̀wé tí kò ní kíróṣé funfun lórí ìgbẹ́yìnlé àga, lórí rédíò, àti nígbà tó yá lórí tẹlifíṣọ̀n, kò pé. Wọ́n á fi sítáàṣì sí i kó lè le, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ bí ìgbà tí àlejò pàtàkì ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955 gbé iṣẹ́ ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò rí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rí. Abẹ́rẹ́ gidi kò tó. Ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì tí wọ́n fi abẹ ha títí ó fi dán ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi kọ́ ọ, àwọn mìíràn sì lo sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n pọ́n lórí òkúta. Súẹ́tà kì í sábà ti ibẹ̀ jáde. Ìdajì ìbòrùn, tàbí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ẹsẹ̀ kan, ti tó gba máàkì.

Ìtàn ti ọjà irun gba ọ̀nà mìíràn. Irun kíkó ni pé kí wọ́n fi òwú dúdú wé ìdì irun láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ní àwọn ọdún 1970 tí Èkó ń kọ́ ilé alájà púpọ̀ àti afárá, àwọn onídìrí náà kọ́ tiwọn sórí oníbàárà: wọ́n pe ọ̀kan ní Onílé Gogoro, wọ́n pe òmíràn ní Eko Bridge. J. D. ’Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun ní 1968, kò jẹ́ kí àrà wọ̀nyí parun. Nígbà tó yá, wúùlù bọ́ sípò òwú dúdú. Èyí tí ọjà ń pè ní wúùlù Brazil gbòde láàárín ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú 2020. Àkírílíìkì ni, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kò sí irun àgùntàn kankan nínú rẹ̀. Nítorí pé orí ni wọ́n ń rà á fún, dúdú àti búráùn ló máa ń kún ìsọ̀ bámúbámú, nígbà tí ẹni tó ń wá àwọ̀ ewé tútù fún súẹ́tà ọmọ yóò máa rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà jẹ́ alága rẹ̀ ló dábàá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà, òfin rẹ̀ sì jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba ṣí kúrò l’Ékòó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó bá a wá, àwọn obìnrin tó máa ń hun nǹkan ní ọ́fíìsì nígbà tí fáìlì kò tíì dé sì gbé píìnì àti wúùlù wọn dání. Ọyẹ́ tó mú níhìn-ín ju ti Èkó lọ fún wọn ní iṣẹ́ ṣe: fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ṣọ́ọ̀lì tí wọ́n fi ń wé ìkókó lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Ìgbà tí wọ́n dé kò dára fún olówùú. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 ti fọ́ náírà, súẹ́tà òkìrìkà sì ti kún ọjà ní owó tí kò tó ra wúùlù tí wọ́n lè fi hun irú rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n a máa ra òkìrìkà náà, wọ́n á tú u, wọ́n á sì fi òwú rẹ̀ hun ohun tó wù wọ́n. Kàdúná, tí kò ju nǹkan bí 200 kìlómítà lọ sí Àbújá, ní ilé-iṣẹ́ aṣọ ńláńlá láti 1957 tí Kaduna Textiles ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe wúùlù. Nígbà tí UNTL, ọ̀kan nínú wọn, ti ilẹ̀kùn ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́. Ìsọ̀ oníwúùlù kò mọ̀ ọ́n lára.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020, ìjọba sé Àbújá àti Èkó mọ́lé nítorí kòrónà. Inú ilé yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti mú píìnì kíróṣé, tí wọ́n ń wo fídíò kọ́ ọ lórí fóònù. Ìkókó kọ́ ni wọ́n ń hun nǹkan fún. Báàgì, fìlà olétí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wù péńpé ni wọ́n fẹ́, ooru Àbújá kò sì gba àkírílíìkì lára. Òwú gidi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó òwú wá láti Ṣáínà àti Tọ́kì ní torí ahunnǹkan nìkan, tí wọ́n ń tà á lórí Instagram àti WhatsApp. Lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí 470 náírà lójú ìjọba kọjá 1,400 kí oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Owó òwú gbéra pẹ̀lú rẹ̀.

Bébà ara òwú kì í fi gbogbo ìgbà sọ òtítọ́, iná ni arajà fi ń dán an wò. Yóò já fọ́nrán kékeré, yóò sì ṣáná sí i. Òwú oko á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná. Àkírílíìkì á yọ́, á sì dì bíi kóró dúdú líle. Nọ́ńbà kan tún wà lára bébà náà, tó ń sọ èyí tí wọ́n jọ rẹ láró lẹ́ẹ̀kan náà. Búlúù méjì tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀ lè jọra nínú ìsọ̀, kí ìlà sì yọ lẹ́yìn súẹ́tà nígbà tí oòrùn bá tàn sí i.

Èyí ló ń sọ iṣẹ́ di àpatì ju ọ̀lẹ lọ. Owó tó wà lọ́wọ́ ra ìdì mẹ́rin, iṣẹ́ ń fẹ́ mẹ́fà. Nígbà tí owó méjì tó kù bá fi pé, àwọ̀ yẹn ti tán. Ahunnǹkan á gbé ẹ̀yìn súẹ́tà tí kò ní apá sínú ọ̀rá, á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí alágbàtà Èkó bá rí irú àwọ̀ náà, á fi wébíìlì rán an sínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní gáréèjì Utako. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá yàtọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kàn so ó mọ́ ibi tí ti àtijọ́ parí sí. Á tú ìlà mélòó kan, á fi ti àtijọ́ hun ìlà méjì, á fi tuntun hun ìlà méjì, á máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ títí ti àtijọ́ yóò fi tán.